Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà 28 dẹ́rù bà yín

Ẹ ní orí Aida 14, aṣọ tí wọ́n hun fún cross stitch, lẹ ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yín yìí, èyí tá a fi ń ran X X sára aṣọ kó lè di àwòrán, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń wù yín kẹ́ ẹ bọ́ sórí aṣọ tó kúnná jù ú lọ, àmọ́ káùntì 28 ń dẹ́rù bà yín, ẹnì kan sì ti gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lo Aida 16, lẹ́yìn náà Aida 18, kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ojú àti ìka ara mi yẹ àwọn aṣọ wọ̀nyí wò, láti orí Aida títí dé linen, ìyẹn aṣọ ọ̀gbọ̀, tó jẹ́ káùntì 40, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Nọ́ńbà 28 yẹn, ìyẹn káùntì, iye òwú tó wà nínú íǹṣì kan aṣọ ló ń sọ, kì í ṣe iye X tẹ́ ẹ máa ṣe síbẹ̀. Lórí Aida, wọ́n ti hun òwú pọ̀ ní ìdì ìdì kó tó dọ́wọ́ yín, ìdì kan, X kan, ìdí nìyẹn tí Aida 14 fi ń gba X 14 nínú íǹṣì kan. Àmọ́ lórí evenweave (aṣọ tí iye òwú òòró àti ti ìbú ẹ̀ dọ́gba nínú íǹṣì kan) àti linen, òwú kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara ẹ̀, méjì méjì la sì máa ń fò kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ẹ wá fi 2 pín 28, kí lẹ rí? 14 náà ni. X yẹn ò kéré sí ti tẹ́lẹ̀ rárá, fọ́nrán òwú 2 tẹ́ ẹ ń fi sínú abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ náà lẹ ṣì máa lò, pátánì kan náà, àwòrán á sì jáde ní ìwọ̀n kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 32 ṣe jẹ́ 16, 36 jẹ́ 18, 40 jẹ́ 20. Torí náà ẹni tó ní kẹ́ ẹ gba Aida 18 kọjá kẹ́ ẹ tó dé 28, ibi tó há ló ní kẹ́ ẹ gbà dé ibi tó fẹ̀.

Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa náà la sì máa ń pa wọ́n pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Irú aṣọ yí padà, ìyẹn ọwọ́ ló máa yọ lẹ́nu. X kéré sí i, ìyẹn ojú ló máa yọ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ aṣọ tuntun náà ná, nígbà tí X ṣì wà ní ìwọ̀n tójú yín ti mọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa dín X kù díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé Lugana káùntì 28, irú evenweave kan, ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Zweigart ti ilẹ̀ Jámánì ló ń ṣe é, òwú ẹ̀ dọ́gba, ó sì rọrùn láti kà. Linen, ẹ fi sílẹ̀ di ẹ̀yìnwá. Cashel tó jẹ́ 28 wà, Belfast jẹ́ 32, Edinburgh 36, Newcastle 40, gbogbo wọn ló rẹwà, àmọ́ òwú linen kì í dọ́gba, òmíràn á ki, òmíràn á sì tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹwà ẹ̀ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tójú ẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ka òwú méjì méjì, á rú u lójú.

Tí ohun kan bá wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, òun ni ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ X àkọ́kọ́. Ẹ gbé aṣọ náà súnmọ́ ojú dáadáa. Ẹ máa rí i pé òwú òòró àti òwú ìbú ń gbara wọn kọjá, níbì kan òòró á gorí ìbú, ní ìkejì ẹ̀ ìbú á gorí òòró, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ káàkiri. Ẹ wá ihò kan tí òwú òòró tó wà lápá ọ̀tún ẹ̀ gan-an bá gun orí òwú ìbú, ibẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ yín ti jáde wá fún ìsàlẹ̀ apá òsì X àkọ́kọ́. Torí pé méjì méjì lẹ ń fò, gbogbo X yòókù, ì báà ṣe lókè, ì báà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú ihò yẹn náà ni gbogbo wọn máa bọ́ sí. Àǹfààní ẹ̀ pọ̀ jọjọ. Òwú òòró yẹn á gbá X mú, kò ní jẹ́ kó yọ̀ wọ abẹ́ aṣọ. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé tẹ́ ẹ bá ṣi òwú kan ṣoṣo kà, ihò tẹ́ ẹ máa bá ara yín á yàtọ̀, ẹ máa rí i pé ìbú ló gorí òòró níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó odindi òdòdó kan sórí ẹ̀ tán. Mi ò mọ ohun míì tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí aṣọ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún fa ìlà sára aṣọ, ó kéré tán fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. X mẹ́wàá mẹ́wàá, ìyẹn òwú ogún ogún, ẹ fi òwú tín-ín-rín kan tí àwọ̀ ẹ̀ ò jọ ti aṣọ ran án lọ ran án bọ̀, orí òwú méjì, abẹ́ òwú méjì. Àwọn míì máa ń lo okùn ìpẹja tín-ín-rín, ó dáa púpọ̀ torí abẹ́rẹ́ ò lè gún un lágùnyọ, tíṣẹ́ bá parí ẹ kàn máa fà á yọ ni. Tó bá sì jẹ́ bírò tí omi ń fọ̀ lẹ fẹ́ràn, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó lọ aṣọ náà, torí iná áyọ́ọ̀nù lè mú kí yíǹkì yẹn jókòó síbẹ̀ títí láé.

Ní ti fọ́nrán òwú, 2 ló dáa lórí 28 àti 32. Lórí 36, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ kún dáadáa ẹ lo 2, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rọra hàn ẹ lo 1. Lórí 40, 1 lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, èmi náà ń lò ó, àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ dán an wò létí aṣọ níbi tí férémù máa bò. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu ẹ̀ kò mú ló yẹ, bí nọ́ńbà ẹ̀ ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i, abẹ́rẹ́ 24 fún Aida 14, abẹ́rẹ́ 26 fún aṣọ káùntì 28 àti 32, abẹ́rẹ́ 28 fún aṣọ tó bá kúnná jù wọ́n lọ. Fọ́nrán 1 máa ń tètè bó torí ó ń wọlé ó ń jáde nínú ihò tóóró, ẹ má gé e gùn ju nǹkan bí íǹṣì 18 lọ. Ẹ má sì fa òwú dúdú gba ẹ̀yìn aṣọ funfun láti ibì kan dé ibòmíì, aṣọ yìí ò nípọn bíi ti Aida, ó máa hàn níwájú.

Ẹ máa rí i pé evenweave rọ̀, kò le gbagidi. Torí ẹ̀, ẹ má fa òwú le. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ihò ń là lẹ́nu igun X kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ń fà á jù nìyẹn. Etí ẹ̀ náà máa ń tú ju ti Aida lọ, ẹ fi máṣíìnì ran sígísáàgì yí i ká tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ ká a, àmọ́ ẹ má lẹ téèpù mọ́ ọn o, gọ́ọ̀mù ẹ̀ kì í lọ.

Ibi tí aṣọ yìí ti wá dùn mọ́ mi jù ni pátánì tó bá ní ìdámẹ́rin X àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin X. Lórí Aida, àárín ìdì lẹ máa fagbára gún, lórí evenweave ihò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láàárín òwú méjèèjì, abẹ́rẹ́ kàn máa wọlé ni. Ojú èèyàn, ìka, lẹ́tà wẹ́wẹ́, ẹ tún lè máa fo òwú aṣọ kan ṣoṣo dípò méjì tẹ́ ẹ bá ń ṣe wọ́n, pẹ̀lú fọ́nrán 1, ẹ sì parí X kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì, ẹ má ṣe ìdajì lọ lórí ìlà kẹ́ ẹ wá padà bọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, torí ìdajì yẹn máa ń yọ́ sábẹ́ òwú aṣọ.

Iná ńkọ́? Iná funfun tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni o, kó máa ti apá òdìkejì ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ wá kí òjìji ọwọ́ má baà bo iṣẹ́. Tí aṣọ bá dúdú, ẹ tẹ́ nǹkan funfun sórí itan, àwọn ihò á là kedere, tí aṣọ bá funfun, ẹ tẹ́ nǹkan dúdú. Gíláàsì tó máa ń mú nǹkan tóbi kì í ṣe ti arúgbó nìkan, ẹ rà á tó bá wù yín.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé 40 lẹ fẹ́ dé, ẹ ṣírò ẹ̀ wò ná. Pátánì tó jẹ́ X 140 níbùú, X 140 lóròó, íǹṣì 10 ni lórí 28, íǹṣì 8.75 lórí 32, íǹṣì 7 péré lórí 40. Àwọn àwọ̀ á wọra wọn, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí igun X mọ́ téèyàn bá jìnnà sí i díẹ̀, àwòrán ojú èèyàn máa ń jáde dáadáa gan-an lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n X ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún àti ẹgbẹ̀ta náà lẹ máa ṣe, ọ̀kan ò ní dín níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 3 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ń gé aṣọ. Èmi fúnra mi, 32 ni mo máa ń padà sí fún iṣẹ́ ńlá, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ẹ̀ jìyà nítorí pé nọ́ńbà ga.

Torí náà, ẹ ra Lugana 28 kékeré kan, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe dúdú, kẹ́ ẹ sì mú pátánì kékeré tẹ́ ẹ ti ṣe rí lórí Aida 14 kẹ́ ẹ tún un ṣe sórí ẹ̀. X 40 sí 40 tó, kò ní pé íǹṣì 3. Wákàtí àkọ́kọ́ máa falẹ̀ torí ojú ṣì ń wá òwú méjì méjì, ẹ má jẹ́ kíyẹn mú yín jù ú sílẹ̀, ó máa tó di pé ẹ ò kà á mọ́, ọwọ́ á kàn máa mọ ihò tó kàn fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ yan ihò X àkọ́kọ́ tó rú yín lójú, ẹ ya fọ́tò aṣọ náà láti ibi tó súnmọ́ dáadáa kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, màá fi ihò náà hàn yín.