Má yọ síìmù màmá yẹn dànù o: ohun tí ojú èmi rí lórí láìnì kejì

Ọ̀kún o, àbúrò mi. Mo rí ohun tó o kọ, pé láìnì kejì tó o fi sílẹ̀ sílé ní Ẹ̀gbẹ̀ kí màmá yín lè máa rí ẹ bá sọ̀rọ̀ ń gbé 3,000 náírà mì lóṣù, màmá sì ń búra pé àwọn ò pe ẹnikẹ́ni, o wá ń bèèrè bóyá ọ̀nà wà tí owó ẹ̀ fi lè wálẹ̀ àbí kó o kúkú yọ síìmù náà jù sígbó. Má yọ ọ́ o. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí inú má lọ bí ẹ débi tó bí èmi dé.

Màmá tèmi wà ní Ìsánlú, èmi ń tajà ní Kàbà. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi káàdì 1,500 ránṣẹ́ sórí láìnì wọn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n á ti fi fónù ará ilé kejì pè mí pé owó inú fónù ti tán. Mo gbà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló ń fi pe ọmọge. Mo bú u, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e lọ sílé ìyá ẹ̀. Ọmọ ọ̀hún sunkún, ó fi Bíbélì búra, mi ò gbà. (Mo ti bẹ̀ ẹ́ o, mo tiẹ̀ ra bàtà fún un, àmọ́ títí dòní tí mo bá wọlé, á kọ́kọ́ gbé fónù màmá sórí tábìlì níwájú mi kó tó dọ̀bálẹ̀.)

Ọjọ́ tí àṣírí tú, èmi àti màmá jọ jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Fónù tàn yanran lórí ìjókòó, ọ̀rọ̀ kan yọ sójú ẹ̀ pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà kan, màmá ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ìka tó ní omi ẹ̀gúsí tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sílẹ̀. Mo ní màmá, kí lẹ tẹ̀ yẹn? Wọ́n ní, "Iná ló tàn, mo pa á."

Iná ló tàn, wọ́n pa á! Ìgbà tí mo tú fónù yẹn wò, sábísí mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, ìyẹn àwọn nǹkan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gé owó inú fónù fún. Orin tí ẹni tó bá pè wọ́n ń gbọ́, àdúrà òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àti ìròyìn bọ́ọ̀lù. Màmá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ò lè ka A, àwọn ló ń sanwó bọ́ọ̀lù. Kálukú nínú wọn ló ń gé tiẹ̀, òmíì lójoojúmọ́, òmíì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí owó bá sì ti tán, wọ́n á dúró de káàdì tuntun bí adìyẹ tó ń dúró de àgbàdo. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé màmá ti tẹ ibi tí wọ́n ti ń yáni lówó ìpè. Wọ́n yá 200, wọ́n fún wọn ní 170, káàdì tí mo bá fi ránṣẹ́, gbèsè ni wọ́n á kọ́kọ́ fi san. Bẹ́ẹ̀, ìpè kan ṣoṣo ò tíì jáde o.

Torí náà ibi tí owó tìẹ náà ń gbà lọ nìyẹn, mo lè fi orí mi búra. Bó o ṣe máa ṣe é ò le. NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti ní kí gbogbo wọn máa lo nọ́ńbà kan náà láti ọdún 2023, 310 fún iye owó tó kù, 303 fún owó yíyá, 305 fún dídá sábísí dúró. O tún máa fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí wọ́n má fi ìpolówó da wọ́n láàmú mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Ibi tó dùn mí nìyí. Dípò kí n fara balẹ̀ yọ nǹkan wọ̀nyẹn, inú bí mi, mo fa síìmù yẹn yọ, mo dì í sínú ọ̀rá, mo jù ú sínú agolo ovaltine tí màmá ń kó ògbólógbòó kọ́kọ́rọ́ sí. Mo ra síìmù tuntun fún wọn. Mo gbàgbé pé síìmù àkọ́kọ́ yẹn ló wà lórí àkáǹtì báńkì wọn, òun ni álẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí, òun náà ni wọ́n fi so NIN. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìyẹn ni àbúrò mi fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ojú màmá, mo sáré lọ gbé agolo, mo fi síìmù sí fónù, kò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ó ti kú.

Òfin ni, èmi ni mi ò mọ̀. Tí láìnì bá lo oṣù 6 láìṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n láṣẹ láti tì í. Tí oṣù 6 míì bá tún gorí ìyẹn, wọ́n lè gbé nọ́ńbà yẹn tà fún ẹlòmíì. Obìnrin kan tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra, tiẹ̀ dé ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ Hausa, gbogbo álẹ́ẹ̀tì owó àjọ tí obìnrin yìí ń kó, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ló ń lọ. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ ọmọlúwàbí ènìyàn.

Mo pe kọ́sítọ́mà kíà, ọmọ yẹn ní kí n kàn lọ sí ọ́fíìsì wọn tó wà ní Lọ́kọ́ja, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Mo lọ. Mo jókòó láti aago mẹ́sàn-án dé aago méjì, ìgbà tó kàn mí, ọmọbìnrin yẹn ò gbójú sókè, ó ní ẹni tó ni láìnì gbọ́dọ̀ wá fúnra ẹ̀. Ṣé ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fónù ò mọ ìyẹn ni? Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbé màmá láti Ìsánlú wá sí Kàbà, wọ́n sùn mọ́jú, a mú mọ́tò Lọ́kọ́ja láàárọ̀, àwa àti tírélà sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Ọ̀bàjànà, ẹ̀yìn màmá ń dùn wọ́n. A débẹ̀, ẹ̀rọ ò gba ìka wọn. Ìka ọ̀tún, kò gbà, tòsì, kò gbà. Wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n fi básílíìnì pa á, ó ń pọ́n yẹ̀rì lójú ẹ̀rọ yẹn ṣáá. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wá fi màmá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò ní ìka ni?" Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Iyán ló jẹ ẹ́, ọmọ mi. Iyán tí mo gún fún irú bàbá ẹ." Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, ó bá ní sáfà ti lọ, ká padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìgbà kẹta la tó rí i ṣe. Obìnrin àgbà kan tó wà ní kọ́ńtà lọ́jọ́ yẹn ló ní ká gbìyànjú ìka ọmọńdinrín tòsì, ló bá wọlé. Ìka tí kì í di ọmọ odó mú dáadáa nìyẹn. Tí ìka màmá tìẹ náà bá ti parẹ́, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n máa fi aṣọ ha ọwọ́ ìyá ẹ. Owó mọ́tò nìkan, lọ-bọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó ju ohun tí síìmù yẹn ì bá jẹ lọ́dún kan.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ... ẹ̀n-ẹ́n, dáfàtì. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa darí ipe láìnì màmá wá sórí tèmi. Mo ṣe é. Ẹ ò sọ fún mi pé gbogbo ipe tó bá kọjá lọ sórí láìnì kejì, láìnì tó darí ẹ̀ ló ń sanwó ẹ̀! Mo fi ##002# pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Báńkì náà ńkọ́, láti oṣù kẹfà 2025, tó o bá fi fónù tẹ kóòdù báńkì, inú owó ìpè ni wọ́n ti ń yọ 6.98 náírà, wọn kì í yọ ọ́ ní àkáǹtì mọ́. Wọ́n á bi ẹ́ kó o tó gbà, àmọ́ o mọ màmá, iná ni wọ́n máa pa. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n pé òun wá láti báńkì, òun fẹ́ bá wọn tún NIN ṣe. Irọ́ ni, olè ni wọ́n, wọ́n ti kó owó olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa.

Lóòótọ́ owó ipe fúnra ẹ̀ ti wọ́n. Oṣù kìíní 2025 ni NCC gbà kí wọ́n fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé e, láti 2013 wọn ò tíì fi kún un. Ṣùgbọ́n àwa tá a fojú rí 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan ní 2001, tí wọ́n ń gba odindi ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ẹ bó o sọ "hẹ́lò" lásán, kó tó di pé Glo gbé ti ìṣẹ́jú-àáyá dé ní 2003, ìyẹn kọ́ ló máa pa wá. Pe láìnì màmá látọ̀dọ̀ ẹ, màmá fúnra wọn ò nílò ju kí wọ́n fi fíláàṣì ránṣẹ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò bá dáa, o lè gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì láìpààrọ̀ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ o ò lè tún kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní báyìí láìnì màmá mi wà nínú fónù tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, 500 ni mo ń fi síbẹ̀ lóṣù, nígbà míì ó tún máa ń ṣẹ́ kù. Ọjọ́ ọjà kan lóṣù, wọ́n máa pe èmi fúnra wọn, ìṣẹ́jú kan péré, kí láìnì má bàa kú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi ẹfun fa ilà rẹ̀ sára ògiri.

Háà, o bèèrè bóyá síìmù méjì lè wà nínú fónù kan. Ó lè wà. Ṣùgbọ́n kó o tó kúrò ní Ẹ̀gbẹ̀ lẹ́yìn tó o bá ti yọ àwọn sábísí yẹn, fi fónù tìẹ pe láìnì màmá kó o sì gbọ́ ohun tó ń dún. Tó bá jẹ́ orin ló ṣì ń kọ, wọn ò tíì yọ ọ́ o, padà jókòó.