Ka ìjókòó rẹ kí o tó fọwọ́ síwèé

Àbúrò mi tó wà ní Oǹdó, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fèsì. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba másítà nínú Guidance and Counselling, pé ẹgbẹ́ kan tó ń kó àwọn kánsẹ́lọ̀, ìyẹn àwa agbaninímọ̀ràn, jọ fún àwọn tí apá wọn ò ká owó gidi ti ní kí o wá dara pọ̀ mọ́ àwọn, ₦3,000 fún ìjókòó wákàtí kan pẹ̀lú ẹnì kan. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí o bá gbà, ebi á pa ọ́. Ẹ̀rù tún ń bà ọ́ pé bí o bá kọ̀, wọ́n á ní owó lo ń wá. O wá ní kí àwa tó ti wà nídìí ẹ̀ sọ ohun tí ojú wa rí.

Ó dáa. Ọdún mẹ́rin ni mo lò nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, ní Àkúrẹ́. Mo fi ìbínú jáde, mo sinmi fún ọdún kan, mo wá wọ òmíràn tí mo ṣì wà títí dòní. Àwọn tí mo máa dárúkọ iṣẹ́ wọn nísàlẹ̀ yìí, mo ti yí ọjà wọn padà, mo ti yí ọjọ́ orí wọn padà. Bí o bá rò pé o mọ ẹnì kan nínú wọn, kì í ṣe òun.

Owó lo kọ́kọ́ béèrè, jẹ́ ká ti ibẹ̀ wọlé. ₦73,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ń san fún òṣìṣẹ́. Èmi ń gba ₦15,000 fún wákàtí kan. Bí ẹni tó ń gba ₦73,000 bá ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ₦60,000 ti lọ kóṣù tó parí. Kí ló fẹ́ fi jẹun? Kí ló fẹ́ fi rán ọmọ níléèwé? Nítorí náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé irú ẹgbẹ́ yìí ò wúlò. Ó wúlò, ó sì ti pẹ́ tó yẹ kó pọ̀ ju báyìí lọ.

Ṣùgbọ́n wá wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Yàrá tí mo ń lò ní Alágbàká nígbà náà, ₦1,500 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi fún wákàtí kan. Ẹgbẹ́ yẹn ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn ₦600 nínú ₦3,000. Ó ku ₦900, n kò sì tíì gun ọ̀kadà, n kò tíì ra dátà, n kò tíì dá sí owó epo jẹ̀nẹ́rétọ̀. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń fi ₦600 náà ṣe, ojú ń tì mí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Open Path. Ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ ló ń san owó ìforúkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Owó ìjókòó, ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń lọ tààrà, ẹgbẹ́ kì í bu nínú ẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣeé béèrè. Ìwọ béèrè o. Má tijú.

Síbẹ̀, owó kékeré kọ́ ló fẹ́ pa mí. Iye èèyàn ni.

Ká ní ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni mo gbà ní ₦3,000, ẹ̀rín ni mo máa fi rín in. Ẹni mọ́kànlá ni mo ń rí lọ́sẹ̀ kan, láìka àwọn márùn-ún tó ń san owó pé. Kò sẹ́ni tó fi tipá mú mi. Wọ́n á kàn pè láti ọ́fíìsì: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹnì kan ṣoṣo yìí ló kù, ó ń sunkún lórí fóònù báyìí." Ta ló fẹ́ ní òun ò gbà? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún pè. Ẹnì kan ṣoṣo náà ni, ó tún ń sunkún.

Ọjọ́ kan, Thursday ni, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan jókòó síwájú mi, ó ń sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ sórí orúnkún bí ẹni ń lọ aṣọ. Ó dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbójú sókè, mo wo aago lára ògiri. N kò mọ̀ pé mo wò ó. Òun rí mi. Ó dákẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo ti gba àsìkò yín jù." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó padà jókòó, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn mọ́, ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ mìíràn. Kì í ṣe pé n kò káàánú rẹ̀. Òun ni ẹni kẹrìndínlógún tí mo rí lọ́sẹ̀ yẹn, àánú inú mi ti tán ṣáájú kó tó dé.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, jókòó sílé kí o ka ìjókòó rẹ. Èèyàn mélòó lo lè rí lọ́sẹ̀ kan tí etí rẹ á ṣì máa gbọ́ràn? Nínú wọn, mélòó ló lè jẹ́ olówó kékeré tí wàá ṣì rówó ilé san? Èmi, ẹni mẹ́rìnlá ni gbogbo agbára mi, mẹ́rin nínú wọn ni mo fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ "mẹ́rin" sínú àdéhùn. Bí mẹ́rin bá ti pé, kí ọ́fíìsì tó ń pè lọ wá ẹlòmíràn. Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro. Wọ́n padà kọ ọ́.

Ohun kejì: má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣe èmi náà. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà. Mo ní mi ò kì í ṣe dókítà, wọ́n ní, "Mo gbọ́, Dókítà." Ẹjọ́ wọn ni pé nǹkan ń rìn lórí wọn bí èèrà, pé àyà wọn ń já lóru. Wọ́n ti ya fọ́tò orí, wọ́n ti mu àgbo, wọ́n ti gbààwẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa fi dandan lé e pé kí a kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù PHQ-9, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bi ẹni tó bá wọlé léèrè ọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ìbéèrè mẹ́sàn-án, òdo sí mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá yìí bí mo ṣe ń kà á. Mo dé ibi ìbànújẹ́ àti àìnírètí, wọ́n fọwọ́ yí orí po, wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń rò pé àwọn ò wúlò. "A ò ní rí i!" Àṣé wọ́n rò pé mo ń ṣépè fún àwọn ni. Mẹ́fà ni wọ́n gbà, fọ́ọ̀mù ní ọ̀rọ̀ wọn ò tó nǹkan. Màmá tí kò tíì sùn dójúmọ́ láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú! Àwọn ará Zimbabwe tó bẹ̀rẹ̀ Friendship Bench ní 2006, àwọn ìyá àgbà ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn Shona fúnra wọn ni wọ́n sì ń lò, kufungisisa, ìyẹn àròjù. Mo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, mo bi màmá pé, "Kí lẹ máa ń rò lóru?" Wákàtí kan ò tó wa. Bí ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀, wọ́n fi Yorùbá tí wọ́n ń sọ fún mi sílẹ̀, wọ́n bọ́ sínú èdè Àkúrẹ́ gidi.

Mo wá ṣàánú, mo ní kí wọ́n má sanwó. Ọ̀sẹ̀ kejì, n kò rí wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò rí wọn. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní, "Dókítà, mi ò lè máa wá jókòó jẹ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ń tì mí." A wá fẹnu kò sí ₦1,000. Ìgbà tí wọ́n padà wá, wọ́n tú kókó tó wà létí ìró wọn, wọ́n yọ ₦500 méjì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ na ojú wọn títí wọ́n fi tẹ́jú, wọ́n tì í sábẹ́ páálí tíṣù lórí tábìlì mi. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Wọn ò pa ọjọ́ kankan jẹ mọ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà o. Ọmọkùnrin kan wà tó ń san ₦3,000 láti ìgbà tó ti ń wáṣẹ́. Ó ríṣẹ́, ó fẹ́yàwó, ó gbé mọ́tò wá páàkì síwájú fèrèsé mi, ó ṣì ń san ₦3,000. Ẹ̀bi mi ni, mi ò sọ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé a ó máa yẹ owó yẹn wò. Ní báyìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn, tẹ́rìntẹ́rìn.

Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yìí ló lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Bi ẹgbẹ́ tó pè ọ́ léèrè: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru, ta ni kí n pè?

Òjò ń rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, kò síná, bátìrì fóònù mi ò ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹgbẹ́ fún mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ ṣé fún gbogbo ẹ̀, mà." Kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ irú "ẹ ṣé" bẹ́ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà ọ́fíìsì, ó dún títí ó fi gé. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó gbà mí ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, mo ti gba nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú òjò, ó bá a láàyè, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó wà láàyè di òní. Ṣé o mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù? "Mà, ṣé wọn ò ní mú un?" Kò ṣì í sọ. Òfin wa nígbà yẹn ka ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà níbẹ̀. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Buhari fọwọ́ sí ní January 2023 rọ́pò òfin àwọn wèrè tí òyìnbó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi máa ń parọ́ fún dókítà.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ láàárọ̀, ọ́fíìsì pè mí padà. Wọ́n ní kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kí gbogbo èèyàn lè kọ́gbọ́n. Orí WhatsApp! Kánsẹ́lọ̀ bí ogójì ló wà níbẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀dọ́kùnrin náà sì wà lára wọn. Mo rán wọn létí pé òfin ààbò dátà ti wà láti 2023, pé ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tó ṣọ́ jù lọ. Wọ́n ní mo ń ṣe agídí. Mo kọ̀wé pé mo fẹ́ kúrò, àdéhùn wa sì ní kí n fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Mo lo oṣù mẹ́ta náà pé, torí àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Wo ojú ewé yẹn dáadáa nínú tìrẹ.

Ẹgbẹ́ tí mo wà báyìí, ₦3,000 náà ni. Ṣùgbọ́n àgbà kan wà nínú iṣẹ́ tí mo ń bá jókòó lọ́sẹ̀ méjì méjì, tó ń gbọ́ ẹjọ́ tèmi náà, ẹgbẹ́ ló ń san owó rẹ̀. Fóònù òru ń dún, ẹnì kan ń gbé e. Nítorí nǹkan méjì yìí, mi ò rí ₦3,000 bí owó kékeré mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ mọ́tò, wọn ò ní sọ ọ́ fún ọ. Ará Àkúrẹ́ ò fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì òun bá òun lẹ́nu ọ̀nà kánsẹ́lọ̀, ó máa wọ mọ́tò wá bá ọ ní Oǹdó. Ará Oǹdó náà á wọ mọ́tò wá bá mi. Bó o bá ro àlọ àti àbọ̀ pọ̀, owó ọkọ̀ ń ju owó tí wọ́n ń san fún wa lọ. Fún irú wọn, ọ̀sẹ̀ kan lójúkojú, ọ̀sẹ̀ kan lórí fóònù ni mo máa ń ṣe. Bí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé, kọ ọ́ síbí. Mo ní ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín tí owó mọ́tò ti ń dá padà sẹ́yìn, màá bi í bóyá ó lè máa wá sọ́dọ̀ rẹ. Àmọ́ má tíì fi ìjókòó kan dúró dè é o. Ó ti sọ fún mi rí pé kò sẹ́ni tí ìyá ọkọ òun ò mọ̀ ní Oǹdó.