Èsì: Ọmọ tó ní ibà pọ́njú, tó sì yege àyẹ̀wò OAE

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè kọ ọ́ pé etí ọmọ kan tó ní ibà pọ́njú (jaundice, tí ojú àti ara ọmọ tuntun fi ń pọ́n) dára, nítorí pé ó yege OAE, ìyẹn àyẹ̀wò tí ń wò bóyá inú etí ń dáhùn sí ohùn. Ẹ má tíì kọ ọ́ sínú fáìlì pé etí ọmọ náà kò ní àbùkù. Ibà pọ́njú tí ó le débi tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ròyìn, iṣan tí ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ ni ó sábà máa ń bà jẹ́, OAE kò sì lè yẹ ibẹ̀ wò.

ABR, ìyẹn àyẹ̀wò tí ń wò bí ohùn ṣe ń gba iṣan etí dé ọpọlọ, ni kí ẹ ṣe, nígbà tí ọmọ bá ti yó, tí ó sì sùn. Ìyá rẹ̀ tí ó ní ọmọ náà kì í ta gìrì bí ariwo bá dún, ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ọmọ tí ara rẹ̀ le láti ìgbà tí wọ́n ti bí i nìkan ni OAE lè tó fún.