Bí ogun òkèèrè ṣe lè wọnú fíìmù ìgbé ayé yín láìdún bí ìròyìn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè yín yé mi: ẹ ti ń ya ìgbé ayé yín sórí fóònù tipẹ́, ẹ fẹ́ kí ogun Ukraine àti ti Gaza wà nínú ẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti ka ohùn lé e, á di ìròyìn agogo mẹ́sàn-án.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn àwòrán ìròyìn tí ẹ gé mọ́ ọn kúrò. Tí bọ́ǹbù bá ti dún nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó máa wo ìkòkò ọbẹ̀ yín mọ́. (Ẹni tó ni àwòrán náà sì lè wá gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín.)

Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní February 2022, Ìbàdàn ni mo wà. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá, Rọ́ṣíà sì wà lára àwọn tó ń tà á fún wa. Búrẹ́dì gbówó lórí. Ọwọ́ ìyá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò ni mo yà, bó ṣe ń fi bírò fagi lé iye tó wà lára páálí, tó ń kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bírò ò tètè yọ, yíǹkì ń há a lẹ́nu. Mi ò gé e. Láìgbójú sókè ló ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ìròyìn, wọn ò tíì parí ìjà yẹn ni?" Kí ni mo tún fẹ́ kà lé ìyẹn lórí?

Ti Gaza, bó bá jẹ́ fóònù tí ẹ fi ń wò ó lóru nìkan ló so yín pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ya àtàǹpàkò yín tó ń yí i kọjá.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ ṣe ń yà á ni kẹ́ ẹ máa sọ ọ́, kódà tẹ́ ẹ bá ń kólòlò. Bẹ́ẹ̀ ni John Smith, ayafíìmù ará Lọ́ńdọ̀n, ṣe ọ̀wọ́ fíìmù tó ń jẹ́ Hotel Diaries, láti 2001 dé 2007, nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Nínú àkọ́kọ́, ní Cork ní Ireland, lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Afghanistan, àwòrán tẹlifíṣọ̀n dì sójú kan, kò lọ, kò bọ̀. Àwòrán tó dì yẹn ni Smith ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sì máa fẹnu sọ déètì àti ibi tí ẹ wà kẹ́ ẹ tó yà, torí fídíò tó bá gba orí WhatsApp kọjá kì í rántí ọjọ́ tí wọ́n yà á mọ́.