Owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbà pé o ò lówó

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Amẹ́ríkà ni mo wà, èmi àti ọmọ méjì, bàbá wọn ò sí pẹ̀lú wa mọ́. Gbèsè ti mù mí dé ọrùn, kírẹ́díìtì káàdì mẹ́rin àti bíìlì ọsibítù, gbogbo ẹ̀ ń lọ sí ẹgbẹ̀rún 31 dọ́là, bẹ́ẹ̀ iye tó ń wọlé fún mi lọ́dún ò ju ẹgbẹ̀rún 34 lọ. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé mi lọ sí kóòtù, wọ́n ti ń gé owó oṣù mi kó tó dé ọwọ́ mi. Mo wá ní kí n fáìlì bankruptcy, ìyẹn kí kóòtù bá mi pa gbèsè rẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Chapter 7, lọ́yà ní kí n mú dọ́là 1,500 wá kóun tó fọwọ́ kan nǹkan kan, owó kóòtù ò sí nínú ẹ̀ o! Ṣé kí n fà á lórí káàdì kan tó ṣì láyè, àbí kí n yọ 401(k) mi, owó ìfẹ̀yìntì tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́, àbí kí n yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí tax refund, owó orí tí ìjọba máa dá padà fún mi, bá dé kí n tètè dá a padà kí n tó fáìlì? Ẹnì kan tí mo mọ̀ tiẹ̀ ní òun á bá mi kọ gbogbo fọ́ọ̀mù ẹ̀ ní 200.
Èmi, Ọ̀rọ̀ Sú Mi

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi nígbà tí mo kà á, ìwọ kọ́ ni mo ń fi rẹ́rìn-ín, òfin yẹn ni, ẹni tó fẹ́ lọ sọ fún kóòtù pé òun ò lówó, wọ́n ní kó kọ́kọ́ mówó dání.

Káàdì yẹn, má fà á rárá. Owó tó o yá nígbà tó o ti mọ̀ nínú ẹ pé o ò ní san án, jìbìtì ni lójú òfin, àwọn tó ni káàdì lè dìde ní kóòtù kí wọ́n má pa gbèsè yẹn rẹ́, ó sì máa wà lọ́rùn ẹ lẹ́yìn gbogbo wàhálà. 401(k) náà, jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Àwọn tó o jẹ lówó ò lè fọwọ́ kàn án níbi tó wà, àmọ́ tó o bá yọ ọ́ láìtíì pé ọdún 59 ààbọ̀, tax máa jẹ níbẹ̀, ìtanràn ìdá mẹ́wàá sábà máa ń tẹ̀ lé e, èyí tó bá wá kù ní báńkì ti di ohun tí wọ́n lè dì mú.

Ti ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn rere ti ń ṣubú. Tó bá fún ẹ lówó, gbà á, kó o sọ fún lọ́yà ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n kó o dá a padà kó o tó fáìlì kọ́ o! Owó tó o bá san fún mọ̀lẹ́bí láàárín ọdún kan ṣáájú, trustee, ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ohun ìní ẹ nínú ẹjọ́ yẹn, lè lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹni tó ṣe ẹ́ lóore wá di ẹni tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá parí, tó bá wù ẹ́ kó o san án, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ dúró. Tax refund yẹn gan-an, òun ni owó lọ́yà ẹ. Tó o bá fáìlì kó tó dé, trustee lè ní tòun ni, nítorí náà jẹ́ kó dé ná, kó o fi san lọ́yà, kó o sì tọ́jú rìsíìtì.

Lọ́yà tó ní kó o san tán kì í ṣe ìkà. Ní Chapter 7, owó tó o bá jẹ ẹ́ kù máa bá gbèsè tó kù rẹ́ lọ, òun náà mọ̀wé. Bi í bóyá ó máa gbà á díẹ̀díẹ̀ kó tó fáìlì, iye tó o ń jù sí káàdì mẹ́rin yẹn lóṣooṣù, lọ́yà fúnra ẹ̀ lè ní kó o dáwọ́ ẹ̀ dúró kó o máa kó o fún òun. Kó o tó san kọ́bọ̀ rárá, kọ́kọ́ wá legal aid, àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ò lówó, tó wà nítòsí ẹ, tàbí Upsolve, ẹgbẹ́ tó ń bá èèyàn ṣe fọ́ọ̀mù Chapter 7 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò bá lọ́jú pọ̀. Àwọn lọ́yà míì máa ní kó o wá ṣe Chapter 13, èyí tó o ti máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀, pé wọn ò ní gba nǹkan kan báyìí. Òótọ́ ni, inú owó tó o máa san fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ti máa yọ owó wọn, ó sì sábà máa ń ju ti 7 lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í san án dé òpin. Torí owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, èmi ò ní wọ̀ ọ́.

Ti kóòtù wá, dọ́là 338 ni, fọ́ọ̀mù 103B sì wà tó o lè fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fojú fò ó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé owó tó ń wọlé ò tó ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba pè ní ìlà òṣì, fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́ta dọ́là 39,975 nìyẹn lọ́dún 2025, ìwọ wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ adájọ́ ló máa pinnu, ó sì fẹ́ rí i pé o ò lè san án díẹ̀díẹ̀ pàápàá. Tó bá kọ̀, fọ́ọ̀mù 103A ni, òun lo fi ń ní kí wọ́n jẹ́ kó o san owó kóòtù yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín 120 ọjọ́, kó o má sì san kọ́bọ̀ kún ti lọ́yà títí wàá fi parí ẹ̀. Ọjọ́ tó o bá fáìlì ni gígé owó oṣù yẹn máa dúró, wọn ò ní retí kó o san tán. Má kàn jẹ́ kí déètì kan kọjá o, wọ́n lè da ẹjọ́ nù, owó tó o ti san ò sì ní padà. Kíláàsì kan lórí ọ̀rọ̀ gbèsè àti owó tún wà tó o gbọ́dọ̀ ṣe láàárín 180 ọjọ́ kó o tó fáìlì, òmíràn lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n lè gba owó díẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá sọ pé o ò ní, wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ lé ẹ.

Ẹni tó ní òun á kọ fọ́ọ̀mù ní dọ́là 200 yẹn, títẹ̀ ló lè bá ẹ tẹ̀ ẹ́, òfin ò gbà kó gbà ẹ́ nímọ̀ràn, ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀, kó sáìn sórí fọ́ọ̀mù. Bi í bóyá ó máa sáìn.

Ìbéèrè kékeré kan: Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fáìlì pọ̀, ṣé owó kóòtù méjì la máa san?
Bàbá Ìbejì

Rárá o, ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ jọ fáìlì, ẹyọ kan ni. Kíláàsì yẹn ni oníkálukú máa ṣe tiẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní iye kan fún tọkọtaya.