Ta Ló Máa Sanwó NMR Rẹ?

Ojú ìwé méjì lo fi bi mí bóyá àwọn agbanisíṣẹ́ máa fojú rénà Masters kẹ́mísìrì tó o bá lọ gbà á ní yunifásítì kékeré tó wà nítòsí yín. Ìlà kan péré lo wá fi gbé ọ̀rọ̀ gidi kọjá: "Ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa bójú tó iṣẹ́ mi ní tí mo bá ti yọ ògidì èròjà kan jáde lára ewé náà, a máa fi ránṣẹ́ síta fún NMR."

NMR ni ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ńlá fi bí átọ́ọ̀mù inú èròjà ṣe so mọ́ra hàn. Síta ibo? Owó ta? O ò bi í! Bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ ti ń múra àtiyáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù torí ilé-ìwé yìí. Ó ń bí mi nínú, torí lẹ́tà tìrẹ kọ́ ni àkọ́kọ́. Wọ́n á parí kíláàsì lọ́dún kan, wọ́n á wá jókòó ti orí kẹrin tíísìsì fún ọdún méjì, torí pé èsì NMR ò dé.

Gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. O máa sá ewé kílò kan sí ibòji, o máa lọ̀ ọ́, o máa rẹ ẹ́ sínú methanol fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun dúdú tó ń lẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù. O máa gbé e gba inú silica gel, ìyẹ̀fun tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, hexane lákọ̀ọ́kọ́, kó o tó máa fi ethyl acetate kún un díẹ̀díẹ̀, o ó sì máa yẹ ìgò kọ̀ọ̀kan wò lórí TLC, pátákó kékeré tó ń fi hàn bóyá èròjà inú ìgò ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, èyí tó mọ́ tónítóní lè má ju míligíráàmù 20 lọ. Carbon-13 nìkan, ìyẹn NMR tó ń wo átọ́ọ̀mù carbon, fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó hàn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo ní nìyẹn. Tó o bá kó o sínú ike, phthalate, kẹ́míkà tó ń mú ike rọ̀, á wọnú rẹ̀, á yọrí nínú èsì NMR nítòsí 7.5 àti 7.7 ppm, ìyẹn òǹkà tó ń sọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà, wàá sì máa yọ̀ pé ewé lo ti rí i. Inú ìgò gíláàsì ni kó o kó o sí, kó gbẹ dénú, torí ethyl acetate tó bá kù náà á yọrí ní 4.12, 2.05 àti 1.26.

Mágnẹ́ẹ̀tì NMR ńlá ń mu helium olómi àti nitrogen olómi. Bí wọn ò bá bu kún un lásìkò, agbára rẹ̀ á lọ. Mi ò dá yunifásítì kékeré lẹ́bi pé kò ní in. Ẹni tó gbé iṣẹ́ tó nílò rẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, tí kò sọ iye tó máa ná an, òun ni mo ń bá wí. Mo sì ń bá ìwọ tí o ò bèèrè wí.

Lọ sí ẹ̀ka náà. Ní kí wọ́n fún ọ ní tíísìsì mẹ́ta tó kẹ́yìn lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, kó o ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ya spectrum, ìyẹn àwòrán èsì NMR, sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fi wé ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ náà wọlé. Wá òun fúnra rẹ̀ kàn, bi í pé èló ló san, àpò ta ló ti jáde.

Bí ìdáhùn bá ń lọ́ tín-ín-rín, ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n yí iṣẹ́ náà padà sí òróró ewé, ẹfínrín fún àpẹẹrẹ. Clevenger, ohun èlò gíláàsì tó ń fi omi híhó yọ òróró, wákàtí mẹ́ta, omi àti iná. Gbẹ òróró náà pẹ̀lú sodium sulphate tí kò lómi nínú, fi pa mọ́ sínú ìgò dúdú nínú fíríìjì. GC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú òróró sọ́tọ̀ tó sì ń wọn ìwúwo wọn, ló máa kà á, kò nílò NMR. Ṣùgbọ́n má gba orúkọ tí kọ̀ǹpútà bá sọ gbọ́ lásán: gbé n-alkane gba inú ẹ̀rọ kan náà, kó o ṣírò retention index, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi àsìkò tí èròjà kọ̀ọ̀kan jáde wé ti n-alkane. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Ní ti agbanisíṣẹ́, ilé iṣẹ́ ọ̀dà tàbí ti oògùn máa bi ọ́ ní ẹ̀rọ tó o mọ̀ ọ́n lò. Sọ fún ìyá rẹ kó má tíì fọwọ́ síwèé ẹ̀yáwó náà títí wàá fi rí àwọn tíísìsì yẹn.