Èémí Ò Sí Nínú Ike Amino Acid

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní ara rẹ le, kò sí àìsàn kankan, àmọ́ tó o bá ń sáré létí Jabi Lake l'Abuja níbí, o ti máa ń mí gúlegúle kó o tó lọ jìnnà, o wá ń bi wá bóyá kó o ra BCAA, ìyẹn ìyẹ̀fun amino acid (èròjà tí ara fi ń ṣe protein) tí wọ́n ń tà nínú ike. Jọ̀ọ́, má tíì ra á. Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Oṣù 8 gbáko ni mo fi mu ún. Ní Wuse ni mo ti ń rà á, ike kan lóṣù, owó rẹ̀ sì ju owó ẹyin tí gbogbo ilé mi ń jẹ lóṣù kan lọ. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń sá kìlómítà 5, tí mo ń kọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ìṣẹ́jú 34 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé oṣù 8, ó di 33. N ò ní purọ́, ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ro mí mọ́ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ èémí ò yàtọ̀.

Ẹni tó ń tà á wá ní kí n fi beta-alanine, amino acid mìíràn, kún un. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún, kò pẹ́ tí ojú àti etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí wínniwínni, bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára èèyàn. Mo dúró síwájú díńgí, mò ń bu omi tútù sójú, ìyàwó mi ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dání. Kì í ṣe àìsàn. Ó máa ń ṣe ẹni tó bá mu ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ó ń mú carnosine, èròjà kan tó ń dín acid kù, pọ̀ sí i nínú iṣan, èyí sì wúlò fún eré àsápajúdé tí kò ju bí ìṣẹ́jú 1 sí 4 lọ. Ẹni tó ń sá 40 ìṣẹ́jú ò fi bẹ́ẹ̀ rí èrè kankan níbẹ̀.

Ọkàn ló ni èémí eré sísá: iye ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe ń gbé ọ́síjìn dé ẹsẹ̀, àti bí iṣan ẹsẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lò tó. Leucine, isoleucine àti valine ló wà nínú BCAA, 3 péré nínú amino acid 9 tí ara wa ò lè dá ṣe, tó jẹ́ inú oúnjẹ la ti ń rí wọn. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà nínú ẹyin. Kódà àdàlú tí ìyá wa ń sè pé: methionine, ọ̀kan nínú 9 yẹn, tí ẹ̀wà ò ní tó, àgbàdo á fi kún un; lysine, òmíràn nínú wọn, tí àgbàdo ò ní tó, ẹ̀wà á fún un.

Ohun tó yí tèmi padà ni pé mo dẹ eré náà. Alágbà kan tó ti ń sáré tipẹ́ ní kí n máa sá a níwọ̀n tí mo fi lè bá òun sọ̀rọ̀ láìdúró mí. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ la fi ń ṣe ìyẹn, 40 ìṣẹ́jú. Ní ọjọ́ kẹrin, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Katampe ni: ìṣẹ́jú 3 sókè tagbáratagbára, ká rora rìn sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tí eruku ọyẹ́ bá ti bo ìlú, a ò kì í jáde. Oṣù 4 lẹ́yìn náà, mo ṣí ìwé mi, mo kọ 28 síbẹ̀.

Létí Jabi la máa ń wà ní Sátidé, aago 6 àárọ̀. Wá, a ó jọ sá a.